Ibi tí Làálì Kò Dé

Nígbà tí Agnes Fábíyìí lu kántà fún ìgbà kẹrin láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Ìnsípẹ́kítọ̀ Fàlílátù kò fetí sí ohun tó ń sọ mọ́. Ọwọ́ tó fi ń lu kántà ló ń wò.

Ọwọ́ òsì ni. Làálì dúdú tí wọ́n lé síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ṣì ń dán gbinrin: òdòdó, ewé, àmì kéékèèké tó ti orí ìka gùn wá sókè. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi ọrùn ọwọ́, làálì náà dáwọ́ dúró. Awọ ara lásán, tó fẹ̀ tó ìka kan, yí ọwọ́ náà ká, lẹ́yìn rẹ̀ ni òdòdó tó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí ọ̀nà ìgúnpá.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ ò dá mi lóhùn! Ọjọ́ kẹta rèé. Olè jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ ń bọ́ ọ, ẹ ò jẹ́ kó jẹ́wọ́. Ẹ̀gbà mi dà?"

"Àwa kọ́ là ń bọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbóúnjẹ wá. Jókòó."

"Mi ò jókòó."

"Ó dáa, dúró. Ṣùgbọ́n gbọ́wọ́ kúrò lára kántà mi, òun kọ́ ló jí ẹ̀gbà rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Fàlílátù. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, orúnkún ń dùn ún, ó sì ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ẹjọ́ tó lè bá a lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ẹjọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ló yọjú. Tí a bá ní ká wò ó, kò tiẹ̀ kan Ìkòròdú. Ẹ̀pẹ́ ni nǹkan ti sọnù. Ọ̀gá àgọ́ ló ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àdúgbò kan náà n'Ìkòròdú ni ẹni tó fẹjọ́ sùn àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ń gbé, kí wọ́n gbọ́ ọ síbẹ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Agnes, tó ń ta bàtà obìnrin lórí fóònù, fẹ́ fẹ́ Ùsámà, ọmọ Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ kí àwọn àgbà ilé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kí wọ́n lè rí i kí wọ́n sì gbà á. Ó mú Mardiyah dání, ọmọ Ìwó kan tó yá yàrá sẹ́yìn ilé wọn n'Ìkòròdú, tó máa ń lé làálì fáwọn obìnrin. Ọwọ́ Agnes kò ṣófo lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbà idẹ kan wà níbẹ̀, èyí tó rà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta ohun àtijọ́, tí ìyẹn sì sọ fún un pé ẹ̀gbà ọmọ ọba ni. Kílẹ̀ ó tó ṣú, ẹ̀gbà ti di àwátì. Lọ́jọ́ Àìkú, ó wá fẹjọ́ sùn, ó dárúkọ Mardiyah. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé ni wọ́n lọ gbé e. Wọ́n tú yàrá rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, ọ̀gá àgọ́ ti pàṣẹ: àárọ̀ ọ̀la, kóòtù. Mardiyah sì ní ọmọ oṣù mẹ́rin nílé tó ń mu ọmú.

"Tún un sọ fún mi," Fàlílátù wí. "Báwo ni ẹ̀gbà yẹn ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta!"

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin ò pààyàn."

Agnes mí kanlẹ̀. "Ó ní kí n bọ́ ọ kóun lè ráyè lé làálì. Mo bọ́ ọ, mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó ṣe lé làálì tán, ó kẹ́rù, ó sá lọ. Kò tiẹ̀ dúró jẹun. Ẹni tí ò jalè, ṣé á máa sá fóúnjẹ ni?"

"Ẹ̀gbà yẹn, kì í ṣòro bọ́?"

"Ó fún mi díẹ̀. Ọṣẹ ni mo máa ń fi..." Ó dákẹ́ lójijì. "Ó ń bọ́."

Fàlílátù tún wo ọrùn ọwọ́ tí làálì kò dé náà. Ó kàn yí padà, ó lọ bá Mardiyah.

Òrùlé sélì àwọn obìnrin ń jò, nítorí náà, Kọ́púrà Israel ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọwọ́ obìnrin náà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì lẹ́yìn kántà. Ó jókòó síbẹ̀, iwájú híjáàbù rẹ̀ rin gbindin.

"Mardiyah, nígbà tó o fẹ́ lé làálì fún Agnes, ṣó o ní kó bọ́ ẹ̀gbà rẹ̀?"

Obìnrin náà gbójú sókè. Ẹnu yà á. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bi mí, mà. Mo ní kí wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n ní rárá, pé ó fún, pé àfi pẹ̀lú ọṣẹ, àwọn ò sì fẹ́ kí ọwọ́ àwọn rin. Mo wá lé e yí i ká. Wọ́n wọ̀ ọ́ títí mo fi jáde, mà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Kí ló dé tó ò fi dúró jẹun?"

Mardiyah wo iwájú híjáàbù rẹ̀. "Ọmọ mi wà n'Ìkòròdú, mà. Ọmú ti ń dà lára mi láti aago mọ́kànlá."

Inú bí Fàlílátù débi tí kò mọ ẹni tí ì bá kọjú sí. Ọlọ́pàá mẹ́ta ló ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin yìí. Ojú ewé mẹ́fà ni wọ́n kọ! Wọ́n bi í bóyá bàbá rẹ̀ jalè rí, wọ́n bi í bóyá ó ní ọ̀rẹ́kùnrin níta. Kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgọ́ lọ. Ó ṣàlàyé: idẹ ò jẹ́ kí làálì kan awọ. Ibi tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ Agnes jẹ́rìí pé ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí làálì fi gbẹ. Mardiyah ti lọ nígbà náà.

"Ta ló wá mú un?" ọ̀gá bi í.

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

"Làálì kì í jẹ́rìí ní kóòtù, Fàlílátù. Mú ẹ̀gbà wá tàbí kó o mú ẹni tó mú un wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la."

Nígbà tó padà dé kántà, Agnes ti lọ. Fàlílátù pè é. Fóònù dún títí, ó kú. Ó tún pè é, wọ́n pa á mọ́ ọn létí. Ẹni tó ti pe ọlọ́pàá nígbà mọ́kànlá láti àná kò fẹ́ gbọ́ ohùn ọlọ́pàá mọ́. Fàlílátù wo fóònù náà bí ẹni fẹ́ là á mọ́lẹ̀.

"Israel, gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹ̀pẹ́ là ń lọ."

*

Wọ́n dé Imota, ọkọ̀ tó kó ìrẹsì tí wọn ò tíì bó dúró gbalaja lójú ọ̀nà, Israel ń fọn fèrè, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

"Màdáámù, ó dá mi lójú, Agnes fúnra rẹ̀ ló gbé e pamọ́," ni Israel wí.

"Ẹni tó gbé nǹkan pamọ́ kì í pe ọlọ́pàá nígbà mọ́kànlá. Ẹ̀gbà rẹ̀ sọ nù lóòótọ́, ó sì ń dùn ún lóòótọ́. Ibi tó ti sọ nù ló parọ́ fún wa."

"Kí ló fẹ́ fi irọ́ ṣe?"

"Rò ó. Làálì gbẹ. Wọ́n á gbé omi wá fún un, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ọṣẹ yẹn náà ló máa yọ ẹ̀gbà. Ilé ta ló ti fọwọ́?"

"Ilé ọkọ rẹ̀."

"Àwọn wo ló yí i ká?"

"Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀."

"Ẹ̀gbà wá sọ nù níbẹ̀. Ìyàwó tí wọn ò tíì gbé wọlé, ṣé á wá la ẹnu pe ilé ọkọ lólè?"

Israel ronú títí ọkọ̀ ìrẹsì fi kúrò lọ́nà. "Ó wá wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí aláìní tó ń lé làálì."

"Ohun tí mo rò nìyẹn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Israel, mo lè lu ẹnìkan lónìí."

*

Ilé náà kò jìnnà sí etí ọ̀sà, ilé alámọ̀ tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Ùsámà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ó gbá orí mú.

"Ọlọ́pàá kẹ̀? Nítorí ẹ̀gbà? Agnes sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn pé òun ti rí i, pé inú báàgì òun ló wà!"

Fàlílátù di ojú. Ó ka oókan dé ẹẹ́wàá kó tó là á. "Ó sọ fún ẹ̀yin pé òun ti rí i. Ó sọ fún àwa pé wọ́n jí i. Obìnrin kan wà ní àtìmọ́lé láàárín irọ́ méjì."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ará ilé léèrè níkọ̀ọ̀kan nínú pálọ̀. Bó ṣe dárúkọ idẹ báyìí, Salman, àbúrò Ùsámà, dìde, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló gbà jáde, kò sì sí ilé ìtọ̀ lọ́nà ibẹ̀. Israel bá a níbi ọgbà, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sọdá.

"Mo tà á!" Salman ń pariwo bí wọ́n ṣe ń fà á bọ̀. "Ọjọ́ Sátidé ni mo tà á fún Làtífù! Ẹ má sọ fún bàbá mi!"

Ó dára, Fàlílátù wí nínú ọkàn rẹ̀, ó parí. Wọ́n gba ẹ̀yìn ọjà ẹja lọ sọ́dọ̀ Làtífù, ọkùnrin tó ń ra ògbólógbòó irin. Òórùn ẹja àti òórùn ìpẹtà jọ ń bá ara wọn jà níbẹ̀. Orúnkún Fàlílátù ń kérora, ó ń tẹ̀ lé Làtífù láàárín páànù àti férémù kẹ̀kẹ́, títí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀, tó fa àpò kan yọ, tó sì da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀.

Abẹ̀bẹ̀ idẹ ni, èyí tó máa ń yí nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ó tóbi tó àwo ọbẹ̀.

"Ti bàbá wa ni," Salman wí, ó ń wolẹ̀. "Wọn ò lò ó mọ́. Mo kàn..."

"Ẹ̀gbà ọwọ́ ni mo ní!" Fàlílátù kígbe mọ́ ọn. "Ọwọ́! Ọwọ́ ta lèyí máa wọ̀? Ọwọ́ erinmi?"

Làtífù rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú Ìnsípẹ́kítọ̀, ó gbé e mì. Oòrùn ti kọjá àtàrí, ọ̀sán ti ń lọ, wọ́n sì ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

*

Wọ́n padà délé, àgbà ilé náà, Alájà Aisha, àbúrò bàbá tó bí bàbá Ùsámà, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ní kò sí ọlọ́pàá tó máa kúrò nílé òun láìjẹun. Fàlílátù ní àwọn ò ráyè. Ìyá náà ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Wọ́n gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja wá, wọ́n gbé abọ́ omi ìfọwọ́ síwájú Fàlílátù.

Ibi tó ti ń fọwọ́ ló ti bi wọ́n pé, "Aago mélòó ló lù?"

Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú pálọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kéré gbójú sókè wo aago ara ògiri. Alájà fa okùn kan yọ ní ọrùn rẹ̀. Aago ọwọ́ ló wà lẹ́nu okùn náà. Wọ́n ti yọ awọ rẹ̀ dànù, orí aago nìkan ló kù.

"Aago mẹ́ta ku díẹ̀," ni ìyá náà wí.

Ọwọ́ Fàlílátù dúró nínú omi. Ó wo Alájà. Góòlù etí rẹ̀ tó owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ pé méjì, òrùka wà ní ìka rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Ó wo ìyá Ùsámà. Etí kún, ọrùn kún, ọrùn ọwọ́ ṣófo. Ó wo àwọn ìyàwó ilé méjì yòókù, ó wo ọmọdébìnrin tó gbé omi wá. Kò sí bàǹgù, kò sí aago, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kankan lọ́wọ́, kò sí lẹ́sẹ̀. Ilé tí wọn kì í wọ nǹkan sọ́wọ́ ni ẹ̀gbà ti sọ nù.

"Alájà," ó rọra wí, "ta ló fọ làálì kúrò lọ́wọ́ Agnes lọ́jọ́ Sátidé?"

Ìyá Ùsámà ń la ẹnu. Alájà gbé ọwọ́ sókè dá a dúró.

"Èmi ni. Nílé tiwa, àgbà obìnrin ló ń fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jáde fún wa."

Wọ́n jáde. Ìyá náà jókòó sórí àga, kò bẹ̀rù, kò sì yájú. Ó dà bí ẹni tó ti ń retí àlejò láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Ẹ̀yin lẹ mú un," ni Fàlílátù wí.

"Mo bọ́ ọ. Mímú yàtọ̀."

"Alájà, ẹ jọ̀ọ́. Lónìí, mi ò lágbára àlọ́."

"Kì í ṣe àlọ́." Ìyá náà tú kókó kan létí ìró rẹ̀, ó kó ohun méjì jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ẹ̀gbà idẹ ni méjèèjì, wọ́n nípọn, wọ́n sì kéré. Àwọ̀ wọn, ìtóbi wọn, ọ̀kan náà ni. Àmì ayùn mẹ́ta wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìyá náà sún wọn mọ́ra, àmì ayùn náà gún régé láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Ẹni tó fà á ti kọ́kọ́ gbé wọn síra wọn kó tó fi ayùn kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ọ̀kan ti wà nílé yìí kí wọ́n tó bí mi," Alájà wí. "Ìyá tó bí bàbá bàbá mi ló wọ̀ ọ́ dé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àyọ̀ká, ni wọ́n jọ kó gba ojú ọ̀sà wá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi í sí, Ìnsípẹ́kítọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọdé. Ìdí tó fi ń fún àgbàlagbà lọ́wọ́ nìyẹn. Àmì ẹni tó ni wọ́n ni ayùn yẹn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n ta ìyá wa síhìn-ín, wọ́n wa Àyọ̀ká lọ. Ìyá wa ń pe orúkọ rẹ̀ títí ó fi kú. Ó ní kò sí ọmọ òun tó gbọ́dọ̀ so nǹkan yípo ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ láé. Ó ní kí wọ́n tọ́jú ọ̀kan yìí, tí èkejì bá jáde lọ́jọ́ kan, ká lè dá a mọ̀."

Fàlílátù yí ẹ̀gbà kan sójú ìmọ́lẹ̀, ó tún gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Àánú ń ṣe é, ó sì tún ń bínú, kò mọ èyí tó ju èyí.

"Lọ́jọ́ Sátidé, mo ki ọwọ́ bọ omi kí n fọ ọwọ́ ìyàwó wa, mo sì fọwọ́ kan àmì ayùn mẹ́ta. Ṣé kí n dá a padà sí i lọ́wọ́? Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, 'Màmá, ẹ̀gbà ọmọ ọba ni.'" Ìyá náà fọwọ́ bo ẹ̀gbà méjèèjì. "Mo gbé e sábẹ́ ìró. Nígbà tó ní òun ti rí i nínú báàgì, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì rò pé ó bò mí láṣìírí ni. Mo ń ṣàdúrà fún un."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún un?"

"Kí n sọ kí ni? Lójú àwọn àna? Ilé yìí ní orúkọ nílùú, kò sẹ́ni tó lè pè wá lọ́mọ ẹrú lójú. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ wa mú ìyàwó wálé?"

"Ẹ ò sọ, òun náà ò sọ!" Sùúrù Fàlílátù já. "Ẹ̀yin ń bo ara yín láṣìírí, ẹ ń pè é ní ìwà ọmọlúàbí, ọmọ ọlọ́mọ ló wà lórí bẹ́ǹṣì láti àná, tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́lẹ̀, tọ́mú ń dà lára rẹ̀! Ọmọ oṣù mẹ́rin ló ń ké nílé!"

Alájà gbójú sókè. "Lèsí? Ta lẹ ní ẹ dè?"

"Mardiyah. Ẹni tó lé làálì. Agnes ní òun ló jí i."

"Ẹ fi irin sí i lọ́wọ́." Kò bi í ní ìbéèrè. Ó kàn ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "Nítorí èyí. Ẹ fi irin sí ọmọbìnrin lọ́wọ́, nítorí èyí."

Ó kó ẹ̀gbà méjèèjì, ó so wọ́n padà sétí ìró, ó sì ké sí Ùsámà pé kó gbé bàtà òun wá.

*

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ àgọ́ ọlọ́pàá. Israel sáré ṣíwájú láti tú Mardiyah sílẹ̀ kí ìyá náà tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ há. Alájà bá a níbi tó ti ń jà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá náà dúró, ó ń wò ó títí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fi ṣí. Àmì pupa kan ti yí ọrùn ọwọ́ Mardiyah ká.

Alájà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lọ sídìí kántà, ó tú etí ìró, ó gbé ẹ̀gbà méjèèjì kalẹ̀.

"Èmi ni mo mú un. Ẹ kọ ọ́."

Ọ̀gá àgọ́ ti jáde síta. Ojú gbogbo èèyàn wà lára ìyá náà: àwọn tó wá gba béèlì, awakọ̀ tó ń jiyàn lórí ìwé ọkọ̀, ọkọ Mardiyah tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Fàlílátù tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Alájà, mo lè kọ ọ́ pé a rí i nínú abọ́ ìfọwọ́. Ó ti tó. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkan kan."

"Kí wọ́n ṣì lè máa fura sí ọmọ tẹ́ ẹ tú sílẹ̀ yìí? Irọ́ ló gbé e débí. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí wọ́n fi idẹ yìí ṣe àti ẹni tí wọ́n fi í sí lẹ́sẹ̀. Ìyá wa ni. Ẹrú ni wọ́n rà á." Ó sọ ọ́ kó dún dé ẹnu ọ̀nà. Ùsámà, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, di ojú, ṣùgbọ́n kò sún sẹ́yìn.

Agnes dé nígbà tí Fàlílátù wà ní ojú ewé kejì. Ùsámà ti pè é lójú ọ̀nà, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àtíkè ojú rẹ̀ ti rin. Ó kúnlẹ̀ níwájú Alájà.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ pe ilé yín lólè ni."

"Kò sí ohun tó ò ń bẹ̀ mí sí," Alájà wí. Ó fi ẹnu júwe Mardiyah, tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tó sì ti gbé ọmú sọ́mọ lẹ́nu lábẹ́ híjáàbù. "Onítọ̀hún rèé."

Agnes yí padà. Ó fi orúnkún sún mọ́ bẹ́ǹṣì. Fàlílátù kò ráyè dúró dè é. Ó yí ìwé náà sí i, ó fi bírò lé e.

"Olùfisùn, dá ẹrù rẹ mọ̀ kó o buwọ́ lù ú. Èwo ni tìẹ nínú méjèèjì?"

Agnes wò wọ́n. Ó na ìka sí ti ọ̀tún, ó fà á padà. Ó gbé ti òsì, ó wo àmì ayùn mẹ́ta, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Oṣù méjì ló fi wọ̀ ọ́. Ó ti yà á ní fọ́tò tí kò níye.

"Mi ò dá a mọ̀."

"Wò ó dáadáa. Ilẹ̀ ń ṣú, orúnkún ń dùn mí."

Ó tún wò ó. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé ẹjọ́ náà, Fàlílátù fi ọwọ́ gbá a kúrò kó tó ba ìwé jẹ́.

"Kò sí tèmi níbẹ̀," ni Agnes wí. "Ẹ kọ ọ́ pé kò sí tèmi."

Ó buwọ́ lù ú. Alájà kó ẹ̀gbà méjèèjì, ó wé wọn sínú aṣọ ìléwọ́ kan ṣoṣo. Ó ń sọ orúkọ kan lábẹ́lẹ̀ bó ti ń wé e, Fàlílátù nìkan ló sún mọ́ ọn tó láti gbọ́: Àyọ̀ká.

Mardiyah dìde. Ọkọ rẹ̀ gbé àpò rẹ̀. Agnes dí i lọ́nà, ó na ọwọ́ òsì sí i, ọwọ́ tí làálì dáwọ́ dúró lórí rẹ̀.

"Mardiyah, jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bá mi dí ibi tó ṣẹ́kù yìí. Mi ò lè máa wò ó."

Mardiyah wo ọwọ́ náà bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń wo iṣẹ́ rẹ̀.

"Rárá, mà. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ á ti parẹ́."

Ó fa híjáàbù bo ọrùn ọwọ́ tirẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó sì jáde.